Prìntà Kejì

Èmi kì í gbé ìpè tí mi ò bá mọ nọ́ńbà ẹni tó ń pè. Kì í ṣe òkè òkun ló kọ́ mi; bí mo ṣe wà l'Ábẹ́òkúta náà nìyẹn. Ìyá mi máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí áńgẹ́lì bá pè mí láti ọ̀run, n ó kọ́kọ́ bi í pé ta ló fún un ní nọ́ńbà mi. Kò purọ́. Ẹni tó bá fi ọdún mẹ́jọ bójú tó kọ̀ǹpútà ní ilé ẹ̀kọ́ girama, tí ojú rẹ̀ sì rí ohun tí ojú mi rí, kò ní tètè gba ẹnikẹ́ni gbọ́ mọ́. Mo rí tíṣà tó kọ pásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ sára ògiri. Mo rí bàbá tó gbé àkùkọ wá sí ọ́fíìsì mi pé kí n bá òun fojú àánú wo máàkì ọmọ òun. Àkùkọ náà ń kọ, bàbá náà ń rẹ́rìn-ín, èmi ò rẹ́rìn-ín.

Ojú ọ̀nà Òṣíẹ̀lẹ̀ ni ilé ẹ̀kọ́ náà wà. Ìyá àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà ló dá a sílẹ̀, ọmọ ìjọ Áńgílíkà paraku, ẹni tí gbogbo wa, tọmọdé tàgbà, ń pè ní Mọ́mì. Sáfà wà nínú yàrá kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ́fíìsì rẹ̀. Sáfà ni kọ̀ǹpútà àgbà tí gbogbo kọ̀ǹpútà yòókù ń gbọ́ràn sí lẹ́nu. Inú rẹ̀ ni gbogbo máàkì wà, inú rẹ̀ ni orúkọ àti ọjọ́ ìbí gbogbo ọmọ wà. Èmi ni mo gbé e kalẹ̀, èmi ni mo so wáyà rẹ̀, èmi ni mo ń nu eruku ara rẹ̀ nígbà ọyẹ́.

Nígbà tí mo fẹ́ lọ, Mọ́mì ní kí n ṣí ọ̀nà sílẹ̀ lára sáfà náà, kí n lè máa ti òkè òkun wọlé láti bá wọn tún ohun tó bá bàjẹ́ ṣe. Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Ibì kan wà nínú rẹ̀ tí alábòójútó máa ń kọ orúkọ àwọn tó lè ti ọ̀nà jíjìn wọlé sí. Mo kọ orúkọ mi síbẹ̀. Mo tún kọ orúkọ kejì, tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ sí. Mo pè é ní Prìntà Kejì, kí ẹni tó bá rí i lè rò pé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ni. Èmi nìkan ni mo mọ pásíwọ́ọ̀dù rẹ̀. Mi ò fi ṣe ibi o. Mo kàn mọ̀ pé bí mo bá ti kọ ẹ̀yìn sí wọn báyìí, wọ́n á mú ẹlòmíì, ẹni yẹn á sì lé mi kúrò nínú ohun tí mo fọwọ́ ara mi kọ́. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran.

Báyìí ni mo ṣe dé ìlú kan ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí òjò ti ń rọ̀ bíi pé wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún un.

Lọ́jọ́ kẹta, mo pàdé obìnrin àgbàlagbà kan lórí àtẹ̀gùn ilé tí mò ń gbé. Mo tẹrí ba, mo kí i káàárọ̀, mo bi í bó ṣe sùn. Ìyá náà fi ọwọ́ méjèèjì di báàgì rẹ̀ mú, ó sì fi ẹ̀yìn rìn padà wọ yàrá rẹ̀. Mo gbọ́ tí kọ́kọ́rọ́ yí lẹ́ẹ̀mejì. Mo dúró síbẹ̀, ẹnu yà mí. Nílé, bí mo bá kọjá lára ẹni tó tó bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ orí láì kí i, wọ́n á bi mí pé ilé ta ni mo ti wá. Níhìn-ín mo kí i, ó sì lọ ti ara rẹ̀ mọ́lé.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni mo wọ ṣọ́ọ̀bù ńlá kan láti ra ìrẹsì. Ọ̀gbẹ́ni kan tó wọ aṣọ dúdú ń tẹ̀ lé mi. Bí mo bá yà sí ọ̀tún, á yà sí ọ̀tún. Bí mo bá dúró, á máa wo ọṣẹ tí kò fẹ́ rà. Mo kọ́kọ́ rò pé ojú mi ló ń tàn mí. Mo wá mọ̀ọ́mọ̀ yí po ibi tí wọ́n to tòmátì sí lẹ́ẹ̀mẹta. Ó bá mi yí i lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ wò ó, inú bí mi débi pé mo fi ìrẹsì náà sílẹ̀, mo fi ebi sùn. Èmi tí mo ń fura sí gbogbo ayé, mo wá bọ́ sáàárín àwọn tó ń fura sí mi, ó sì dùn mí wọra.

Ibi iṣẹ́ mi jẹ́ ilé ìkẹ́rùsí kan tó gùn tó ojú ọ̀nà láti Kútọ̀ dé Òkè-Ìlẹ̀wó l'Ábẹ́òkúta, ká má purọ́ jù, ó gùn. Ẹrù là ń dì sínú páálí láti àárọ̀ dé ọ̀sán. Ọ̀gá wa níbẹ̀ ni obìnrin kan tó ń jẹ́ Jánẹ́ẹ̀tì, alágídí, ẹni tí kì í rẹ́rìn-ín kó tó mu tíì. Lọ́jọ́ kan mo ṣèèṣì sọ pé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe nílé. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú wọn bi mí bóyá èmi ni ọmọ ọba tó ń kọ lẹ́tà sí gbogbo ènìyàn pé kí wọ́n wá bá òun kó ogún. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín, mo sì padà sídìí páálí mi. Láti ọjọ́ náà, mo rí i pé Jánẹ́ẹ̀tì máa ń pa kọ̀ǹpútà rẹ̀ dé bí mo bá ń kọjá.

Ohun tó mú mi dúró nílùú náà, mi ò ní tan yín, ni sáfà yẹn. Bí mo bá ti dé láti ibi iṣẹ́ ní aago mẹ́ta, n ó se láfún díẹ̀, n ó jókòó, n ó ti yàrá mi wọ inú ilé ẹ̀kọ́ náà lọ. Nígbà míì, kò sí ohun tó bàjẹ́. Mo kàn máa ń ka orúkọ àwọn ọmọ ni, Ṣódípẹ̀, Ṣówùnmí, Ṣóẹ̀tán, bí mo ṣe ń kà wọ́n nínú ìwé ìpè láàárọ̀. Ní ìlú tí ẹnikẹ́ni ò ti lè pe orúkọ tèmi, tí wọ́n ti gé e kù sí lẹ́tà méjì, ibì kan ṣì wà tí n ó ti tẹ orúkọ mi ní kíkún tí ilẹ̀kùn á sì ṣí. Mo máa ń sọ fún ara mi pé mò ń bá wọn ṣiṣẹ́ ni. Irọ́ ni. Mò ń lọ sílé ni.

Lẹ́yìn ọdún kan ààbọ̀, Mọ́mì gba tíṣà kọ̀ǹpútà tuntun, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó ń jẹ́ Míìsì Ọláìtán. A sọ̀rọ̀ lórí fóònù lẹ́ẹ̀mejì. Ó bọ̀wọ̀ fún mi jù. Ẹni tó bá pe ènìyàn ní "sà" lẹ́ẹ̀mẹta nínú gbólóhùn kan, ó ní ohun tó ń wá. Ó bi mí báwo ni mo ṣe to àwọn orúkọ inú sáfà. Mo ní kó má yọ ara rẹ̀ lẹ́nu, pé mo ti to wọ́n dáadáa. Ó ní, "Ẹ ṣé, sà." Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo ní nínú ara mi pé, ìwọ yìí, mo ti rí ọ.

Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, nǹkan dára níbi iṣẹ́ fún ìgbà àkọ́kọ́. Ẹ̀rọ tá a fi ń ka àmì ara páálí dákú, gbogbo ẹrù sì dúró. Jánẹ́ẹ̀tì ń pariwo lórí fóònù pé kí wọ́n rán ẹni tó mọ̀ ọ́n tún ṣe wá. Mo ní kó jẹ́ kí n wò ó. Ó wò mí bí ẹni tí ọmọdé ní kó fún òun ní ọ̀bẹ. Ṣùgbọ́n kò sí ohun tó lè ṣe. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni mo fi tún un ṣe. Lọ́jọ́ kejì, ó fún mi ní kọ́kọ́rọ́ àpótí irinṣẹ́, kò sọ nǹkan kan, ó kàn jù ú sí mi. Mo pe ìyá mi ní Ewékorò láti sọ fún un. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í jó lórí fóònù, mo ń gbọ́ ariwo àwọn ọkọ̀ tó ń gbé sìmẹ́ǹtì kọjá lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní, "Wọ́n ti mọ̀ ẹ́ nìyẹn! Wọ́n ti mọ ọmọ mi!"

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni nọ́ńbà Nàìjíríà kan tí mi ò mọ̀ pè mí lẹ́ẹ̀mẹta. Mo dí i pa, kó má lè pè mí mọ́.

Nígbà tó di Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e, mo dé láti ibi iṣẹ́, mo tẹ orúkọ mi, sáfà ní òun ò mọ̀ mí. Mo tún un tẹ̀. Mo rọra tẹ̀ ẹ́ ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan bí ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ó ní n kò lẹ́tọ̀ọ́ láti wọlé. Ẹnìkan ti yọ orúkọ mi. Ta ni ì bá jẹ́, bí kì í bá ṣe oní-sà-mẹ́ta yẹn?

Mo tẹ Prìntà Kejì. Ilẹ̀kùn ṣí.

Mo rìn kiri inú sáfà náà bí olè tó wọ ilé ara rẹ̀. Kò pẹ́ tí mo fi rí ohun tí mò ń wá. Nínú máàkì kíláàsì àṣekágbá, lábẹ́ ìwà, wọ́n ti yí ti ọmọ mọ́kànlá padà. Àwọn tí wọ́n ní máàkì méjì tẹ́lẹ̀ ti ní mẹ́jọ, mẹ́sàn-án. Àárọ̀ ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n yí i, orúkọ Míìsì Ọláìtán sì wà níwájú rẹ̀ gbagada. Mo lu tábìlì. Mo ní, "Ọwọ́ pálábá rẹ ti ségi lónìí!" Mo rò ó pé àkùkọ mélòó ni wọ́n ti gbé fún un. Inú mi dùn, ẹ gbọ́? Inú mi dùn pé mi ò fura lásán.

Nọ́ńbà Mọ́mì tí mo ní lọ́wọ́ kò lọ. Mo pe fóònù ọ́fíìsì ilé ẹ̀kọ́, mo ní kí wọ́n gbé e fún un.

"Ìwọ ọmọ yìí!" ni Mọ́mì wí. "Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé o mọ̀ pé mo ti ń…"

"Mọ́mì, ẹ kú ọ̀sán mà. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí ná."

Mo dá ọ̀rọ̀ mọ́ ìyá ọlọ́dún méjìdínlọ́gọ́rin lẹ́nu. Ojú tì mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí. Mo sọ fún un pé ẹnìkan l'Ábẹ́òkúta ló ta mí lólobó pé Míìsì Ọláìtán ń yí máàkì kíláàsì àṣekágbá. Mo ní kó má jẹ́ kó tún fọwọ́ kan sáfà. Ẹnìkan l'Ábẹ́òkúta kọ́, irọ́ ni mo pa. Mi ò lè sọ pé mo fojú ara mi rí i, torí wọ́n á bi mí pé ojú wo.

Mọ́mì ní, "Ó dá ọ lójú?"

"Ó dá mi lójú mà."

"Torí pé ìwọ lo sọ ọ́ o. Ká ní ẹlòmíì ló sọ ọ́, mi ò ní gbọ́."

Lọ́jọ́ kejì ló ní kí Míìsì Ọláìtán lọ jókòó sílé títí òun á fi ránṣẹ́ pè é. Kò sọ ìdí fún un, kò sì dárúkọ mi.

Ìyá mi ló kọ́kọ́ gbé ìròyìn náà dé etí mi, láì mọ̀ pé èmi ni mo dá a sílẹ̀. Ẹnìkan nínú ẹgbẹ́ ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn mọ ìdílé ọmọbìnrin náà. "Wọ́n ní ìyá rẹ̀ ló kúnlẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà ilé Mọ́mì," ni ìyá mi wí. "Bàbá rẹ̀ ò tíì pé ọdún kan tó kú o. Ọmọ náà kàn ń sunkún ni, ó ní òun ò tiẹ̀ mọ ohun tí òun ṣe. Ìwọ tó o ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀, kí ló lè ṣẹlẹ̀?"

Mo ní mi ò mọ̀. Mo ní kí n lọ gbé omi ka iná. Mo jókòó ti omi náà títí ó fi gbẹ nínú ìkòkò. Ohun tó ń gún mi ni gbólóhùn yẹn, pé òun ò mọ ohun tí òun ṣe. Mo rántí ara mi níbi tòmátì. Mo sì tún dá ara mi lóhùn pé gbogbo olè ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn iṣẹ́, fóònù ọ́fíìsì ilé ẹ̀kọ́ pè mí. Mọ́mì ni. Ó ní ọ̀la, kó tó di ọ̀sán, ni máàkì kíláàsì àṣekágbá gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ àjọ tó ń ṣe ìdánwò. Bí kò bá dé, àwọn ọmọ náà ò ní lè jókòó ṣe ìdánwò lọ́dún yìí. Kò sì sí ẹni tó lè mú un jáde láti inú sáfà nísinsìnyí.

"O mọ ọ̀nà ibẹ̀," ni Mọ́mì wí. "Bá wa mú un jáde láti ibi tó o wà."

Wọ́n ń bẹ̀ mí kí n padà wọlé. Mo ní, "Wọ́n ti yọ orúkọ mi mà. Ó di dandan kí ẹnìkan jókòó síwájú sáfà bí alábòójútó, kó dá a padà. Ta ló wà nítòsí?"

"Èmi ńkọ́? Ṣé mi ò ní ìka ni?"

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀rọ̀ ẹnu tọ́ Mọ́mì sọ́nà nìyẹn. Pásíwọ́ọ̀dù alábòójútó wà nínú àpò ìwé kan tó fi pamọ́ sínú ìwé orin rẹ̀. Ó kà á sókè fún mi ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má kà á sókè. Ó ní, "Ta ló ń gbọ́ wa? Èmi pẹ̀lú aláǹgbá tó wà lára ògiri nìkan ló wà níbí." Gbogbo ohun tí mo bá ní kó tẹ̀, á kọ́kọ́ bi mí ohun tó máa tìdí rẹ̀ yọ. Mo ní kó tẹ ibi tí wọ́n ti ń ṣètò ẹ̀rọ. Ó ní, "Kò ní pa nǹkan rẹ́?" Mo ní rárá mà. Ó ní, "Búra." Tíṣà ni, ogójì ọdún ló fi ń mú àwọn tó ń jí ìwé wò.

A dé ibi tí wọ́n ti ń fàyè gba àwọn tó wà lọ́nà jíjìn. Mo ní kó ṣí àkọsílẹ̀ àwọn ẹni tó lè wọlé, kó fi orúkọ mi sí i. Ẹ̀rín ti wà lẹ́nu mi, mo ti gbé ọwọ́ lé kọ̀ǹpútà tèmi.

"Ó ti ṣí," ni Mọ́mì wí. "Orúkọ méjì ló wà níbẹ̀. Ọláìtán." Ó tẹjú mọ́ ọn. "Prìntà Kejì."

Mo ti gbàgbé. Ọlọ́run ń gbọ́ mi, mo ti gbàgbé pátápátá pé ẹni tó bá ṣí ibẹ̀ á rí i.

"Prìntà Kejì," ni Mọ́mì tún wí. "Prìntà wo? Ẹyọ kan ṣoṣo la ní nílé ẹ̀kọ́ yìí, ó sì wà lẹ́yìn mi níbí. Báwo ni prìntà ṣe ń ti ọ̀nà jíjìn wọlé? Ẹsẹ̀ ló ní ni?" Mo gbọ́ bó ṣe fa àga rẹ̀ sún mọ́ ọn. "Áà! Ọmọbìnrin yìí! Orúkọ èké ló fi pamọ́ síbẹ̀! Òótọ́ lo sọ, ọmọ mi. Mo ti ń bi ara mi láti àná bóyá mi ò ṣì í dá, mi ò lè jẹun. Ibi tó ti ń wọlé nìyí. Ṣé bẹ́ẹ̀ kọ́?"

Ẹ̀yin tó ń ka èyí, mi ò ní fi ara mi ṣe ẹni rere. Ẹnu mi ti là láti sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. "Bẹ́ẹ̀ ni mà" péré, orúkọ mi á padà wọlé, n ó mú máàkì jáde, wọ́n á máa pè mí ní Ọ̀gá Kọ̀ǹpútà títí ayé. Ọmọbìnrin náà á sì di ẹni tí wọ́n lé kúrò nítorí jìbìtì, ní ìlú tí gbogbo ènìyàn ti mọ ara wọn láti ilé ìsìn. Níbo ló máa fojú sí?

"Mọ́mì," mo ní, "èmi ni."

"Ìwọ ni kí ni?"

"Èmi ni Prìntà Kejì."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò fún un, mo sọ gbogbo rẹ̀: bí mo ṣe kọ orúkọ náà síbẹ̀ kí n tó lọ, bí mo ṣe gba ibẹ̀ wọlé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, pé kò sí ẹnì kankan l'Ábẹ́òkúta tó ta mí lólobó.

"Máàkì wo lo rí?" Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

"Ti ìwà, mà. Ọmọ mọ́kànlá."

"Ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ọ̀sẹ̀ tí máàkì kíláàsì àṣekágbá ń jáde. Kí la máa ń ṣe lọ́jọ́ yẹn níbí, ìwọ ọmọ yìí?"

Yéè! Mo káwọ́ lérí. Ọjọ́ ìdáríjì ni. Láti ìgbà tí Mọ́mì ti dá ilé ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀ ló ti ń ṣe é. Ọmọ kíláàsì àṣekágbá tí wọ́n bá ti yọ máàkì ìwà rẹ̀ nítorí àfojúdi tàbí ìjà, á jáde ní gbọ̀ngàn lójú gbogbo ènìyàn. Á lọ bá ẹni tó ṣẹ̀, ì báà jẹ́ tíṣà, ì báà jẹ́ ìyá tó ń se oúnjẹ, ì báà jẹ́ bàbá ẹnu géètì. Á kúnlẹ̀ tàbí kó dọ̀bálẹ̀, á fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó ṣe. Bí ẹni náà bá ní òun ti fi jì í, máàkì rẹ̀ á padà. Tíṣà kọ̀ǹpútà ló máa ń jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ pèpéle láti tẹ̀ ẹ́ sínú sáfà lójú ẹsẹ̀. Ọdún mẹ́jọ gbáko ni èmi fi jókòó síbẹ̀. Mo ti sunkún níbẹ̀ rí.

Kò tíì pé ọdún méjì tí mo wà nílẹ̀ ibòmíràn, mo gbàgbé. Mo mọ gbogbo orúkọ inú sáfà, mo mọ ọjọ́ ìbí wọn, mo ń wọ ibẹ̀ lójoojúmọ́ tí mo ń pè é ní ilé, ṣùgbọ́n n kò sí ní gbọ̀ngàn. Ohun tí mo gbàgbé, ìfura ló jókòó sí àyè rẹ̀. Ó dùn mí ju gbogbo ohun tí òyìnbó ti fojú mi rí lọ.

"Èmi ni mo ní kó yọ orúkọ rẹ," ni Mọ́mì wí. "Mo ní kí ìwọ gbájú mọ́ iṣẹ́ rẹ lọ́hùn-ún, kó o sinmi tiwa. Mo pè ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta pẹ̀lú nọ́ńbà mi tuntun kí n tó ní kó yọ ọ́, kí n fẹnu ara mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ. O ò gbé e."

Mi ò lè sọ fún un pé mo dí i pa.

Ó ní kí n má gbé fóònù sílẹ̀. Mo gbọ́ tó pe bàbá ẹnu géètì pé kó lọ mú Míìsì Ọláìtán wá, pé ẹ̀yìn ilé ẹ̀kọ́ náà ló ń gbé. Nígbà tó dé, wọ́n fi fóònù rẹ̀ pè mí kí a lè máa rí ojú ara wa. Mo gbé fóònù tèmi ti ara kẹ́tùlù tí mo fi ń se omi. Ojú ọmọ náà wú. Mọ́mì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò wò mí.

"O mọ bí a ṣe ń ṣe é," ni Mọ́mì wí.

Mo dọ̀bálẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì yàrá náà. Ọdún mẹ́wàá ni mo fi ju ọmọ náà lọ. Mo sọ ohun tí mo ṣe, mi ò fo ìkankan. Mo sọ ti àkùkọ tí mo fi ọkàn rò pé ó gbà. Ìwọ ni mo máa ń pè é tẹ́lẹ̀, lọ́jọ́ yẹn, mo ní, "Míìsì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí."

"Ẹ dìde, sà."

"Jẹ́ kó wà níbẹ̀," ni Mọ́mì wí. "Ìwọ là ń retí."

Ó ní, "Ìyá mi bi mí lẹ́ẹ̀mejì bóyá mo jí nǹkan. Ìyá mi tó bí mi." Ó nu imú rẹ̀. "Mo ti fi jì yín, sà. Ṣùgbọ́n mi ò lè bá yín pín sáfà náà mọ́."

Mo ní mo gbà. Ó jókòó síwájú rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ yá ju tèmi lọ, mo gbọ́ bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́ tatata. Ó kọ́kọ́ mú máàkì kíláàsì àṣekágbá jáde fún Mọ́mì. Ó yọ Prìntà Kejì kúrò nínú àkọsílẹ̀, ó sì pa orúkọ náà rẹ́ pátápátá. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ẹ gbìyànjú kí ẹ wọlé, sà."

Mo na ọwọ́ gbé kọ̀ǹpútà mi wá sórí ilẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́.

"Ó kọ̀ yín?"

"Ó kọ̀ mí."

"Ẹ fi orúkọ yín gan-an gbìyànjú."

"Ó kọ̀ mí."

Ó wò mí láti inú fóònù, ojú rẹ̀ ò kúrò lára mi. "Ṣé kò sí Prìntà Kẹta, sà?"

"Kò sí."

"Mi ò gbà yín gbọ́, sà," ó fi gbogbo ọ̀wọ̀ sọ ọ́. Ó wá ṣí ibi tí gbogbo orúkọ inú sáfà náà wà, ti tíṣà, ti akọ̀wé, ti yàrá ìkàwé, ti ẹ̀rọ lóríṣiríṣi, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà wọ́n sókè láti òkè wá sí ìsàlẹ̀. Bó bá ka ọ̀kan, á dúró, á wò mí. Mo wà lórí ìdọ̀bálẹ̀ níbẹ̀.

"Èyí ńkọ́, sà?"

"Kì í ṣe tèmi."

"Èyí?"

"Kì í ṣe tèmi."

Ó pọ̀. A jọ kà á dé ìsàlẹ̀.